Ìṣákọ́lẹ̀ Tí A Kò San ní Kwali

Ilẹ̀, ọ̀gẹ́rẹ́ a-fọkọ́-yẹrí, ó ṣọ̀wọ́n kí a pín in fún àlejò láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan. Nígbà tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin ọdún 1862, èyí tí ó fi 160 éékà lé ẹni tí ó bá kọ́lé sórí ilẹ̀, tí ó dáko síbẹ̀, tí ó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún lọ́wọ́, láìgba ju owó ìwé péréte, ọ̀pọ̀ tálákà láti Jámánì àti Nọ́wè gbọ̀nà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n sì di onílé onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn Sioux àti Cheyenne wà nínú ohun tí a ń pín, nígbà tí rélùwéè sì dé, tí ilẹ̀ ọ̀hún di olówó iyebíye, ọwọ́ ẹlòmíràn ni èrè rẹ̀ bọ́ sí.

Kwali, ìlú kan ní agbègbè Abuja, ni ó mú mi ronú kan ìtàn náà. Ní oṣù kejì ọdún 1976, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Agúda ti dámọ̀ràn pé kí olú-ìlú kúrò ní Èkó, ìjọba Murtala Muhammed fi òfin ya agbègbè Abuja sọ́tọ̀, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sì di ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní kò sí ẹ̀yà ńlá kan tí ó ni ín. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí ẹ̀yà tí kò pọ̀ náà a máa ní ilẹ̀.

Àwọn Gbagyi pọ̀ ní Kwali, àwọn tí obìnrin wọn kì í ru ẹrù lórí: èjìká ni wọ́n ń gbé igi ìdáná àti iṣu lé lọ sí ọjà. Ibẹ̀ ni a ti bí Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ogún náírà tí gbogbo wa ń ná. Ilẹ̀ tí ó ti kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní kékeré, lójú òfin òde òní, kì í ṣe ti àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́. Bí ìjọba bá nílò oko wọn, owó ilé, owó irè oko àti owó igi ni a ń san. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. A ka igi òrí, a ka igi igbá, a sanwó, ó parí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, títì wọlé, iná dé, ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ sì ta ilẹ̀ náà ní iye tí onígi kò lálàá rẹ̀ rí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwa Yorùbá tí a ń ṣòwò, tí a sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní agbègbè yẹn, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Láyé àwọn baba wa, àgbẹ̀ tí ó bá lọ dá oko kòkó ní ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó ti wù kí ó lówó tó, ó ń fi èyí jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ náà ní olúwa. Mo mọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, nítorí náà n kò sọ pé kí olúkúlùkù máa gbé e lọ bá baálẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Abuja ń gba owó ilẹ̀ lọ́dọọdún lọ́wọ́ àwọn oníwèé. Kí òfin ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn abúlé tí a gba ilẹ̀ wọn, kí ìpín ọ̀hún sì máa gòkè bí iye ilẹ̀ bá ti ń gòkè. Ọ̀rọ̀ Maitama, àdúgbò kan ní Abuja, ti bọ́, a ti kó àwọn Gbagyi ibẹ̀ lọ sí Kubwa. Ní Kwali, oko ṣì pọ̀ tí katapílà kò tíì dé, a sì lè kọ ìpín àwọn onílẹ̀ sínú ìwé kí ó tó dé.