Ajá Ògún Kò Lè Rọ́pò Ìjánu

Mo mọ̀ pé àlàyé lórí Odù ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí lọ́wọ́ mi, mo sì tọrọ gáfárà, nítorí ọ̀rọ̀ ojú pópó ni mo gbé wá lónìí. Ó ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí ọkùnrin kan ti wa ọkọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní Ìgàndò, tí ó ní kí n bá òun bọ Ògún.

Ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí ilé wa. Ìkòtún ni ó ń gbé, iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni ó ń ṣe. Ọkọ̀ tí ó wà wá jẹ́ irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀nà tí kò dán: ó ga nílẹ̀, eyín táyà rẹ̀ tóbi bí ti katakata, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹrù. Ó mú ajá kan, ẹmu, iṣu sísun, epo pupa àti obì alábàtà wá. Ohun gbogbo pé. Bí a ṣe ń yí ọkọ̀ náà po ni ó fi ìdùnnú sọ fún mi pé àwọn tí wọ́n ṣe é ti há a mọ́. Bí ó bá ti sáré dé ìwọ̀n kan, bí ó ti wù kí ènìyàn tẹná mọ́lẹ̀ tó, kò ní kọjá ibẹ̀. Òun sì ti wá gbé e lọ bá ọmọ rìwáyà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹni tí ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọpọlọ ọkọ̀ náà, ohun tí wọ́n ń pè ní brain box, tí ó sì pa ìjánu náà rẹ́.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Ó ku kí Ògún fi ọwọ́ sí i."

Mo ní kí ó dá ajá náà padà sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìjánu yìí wà fún, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ahun ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń ṣe sí àwa tí a rà á. Bí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí lẹ́tà kan lẹ́yìn àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Q túmọ̀ sí pé táyà náà kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 160 ní wákàtí kan lọ. R jẹ́ 170. S jẹ́ 180. T jẹ́ 190. H jẹ́ 210. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn táyà eléyín ńlá tí a ń fi wọ ẹrẹ̀ kò kọjá Q. Bí a bá fi wọ́n sáré ju bí a ti ṣe wọ́n lọ, ooru yóò mú inú wọn, rọ́bà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó kúrò lára okùn irin tí ó dì í mú, yóò sì fọ́ lójijì. Ọkọ̀ tí ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sì tètè máa ń dojú dé bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ lójijì lórí eré. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń lò nínú oko ńláńlá, àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀kùn, fi máa ń ní ìjánu tí ó le ju ti jíìpù lọ. Ẹni tí ó rọ ọkọ̀ ni ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Alágbẹ̀dẹ ni òun náà, bí kò tilẹ̀ fínná.

Eré kì í sì í fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì di ewu. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní kìlómítà 60 bọ́ sí 120, eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi kọ lu nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 80 sí 120, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ìjánu ẹsẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò sì pọ̀ sí i nígbà tí ọmọ rìwáyà ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ lórí jíìpù olówó. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọkọ̀ akérò láti ní ẹ̀rọ tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ sí speed limiter. Ìwọ̀n eré tí òfin fún ọkọ̀ akérò ní òpópónà márosẹ̀ jẹ́ kìlómítà 90 ní wákàtí kan; láàárín ìlú, 50. Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, ẹ̀rọ náà máa ń jókòó sáàárín ibi tí a ń tẹ̀ fún iná àti ọpọlọ ọkọ̀. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá béèrè ju bí ó ti yẹ lọ, yóò dín ọ̀rọ̀ náà kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, epo gan-an ni ó máa ń dín. Ẹ béèrè ní gáréèjì èyíkéyìí láti Ìyànà Ìpájà dé Ìkòtún, ẹ ó rí awakọ̀ tí yóò rẹ́rìn-ín sọ fún yín pé òun ra ẹ̀rọ náà fún àyẹ̀wò, òun sì já wáyà rẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì máa ń so mọ̀rìwò mọ́ iwájú ọkọ̀ tí oṣù Ògún bá dé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Kí ni mọ̀rìwò? Aṣọ Ògún ni, a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá ti rí i tí wọ́n ta á sí ìdènà ọ̀nà, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín: ẹ dúró, ẹ má kọjá. Ẹni tí ó so àmì ìdúró mọ́ iwájú ọkọ̀ tí ó ti já ìjánu rẹ̀, àbùkù Ògún ni ó so mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò ní, "Awo, Ògún kì í ṣe òrìṣà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Òun ni ó la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà yòókù. Eré ni tirẹ̀, iná ni tirẹ̀." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ẹ padà sí ìtàn tí a ń pa nínú Ògúndá. Ènìyàn méjì ń jà nítorí ẹja kan ṣoṣo. Ìjà náà fẹ́ di ikú. Ògún kọjá, ó fa àdá yọ, kò bẹ́ ẹnikẹ́ni lórí. Ẹja náà ni ó dá sí méjì, ó fún oníkálukú ní ìpín tirẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Odù tí ó ń jẹ́ orúkọ Ògún nìyẹn, ìwọ̀n àti ààlà ni ó sì fi irin pa níbẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń fi ẹnu kan irin búra ní kóòtù títí di òní: a gbà pé irin mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mọ.

Ìtàn kejì ni ti Irè. Ògún dé ìlú náà ní ọjọ́ tí èèwọ̀ wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọhùn. Ó kí wọn, wọn kò dá a lóhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Kò dúró béèrè. Idà ti jáde kí ọ̀rọ̀ tó yé e. Nígbà tí ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gàn ni wọ́n ń ṣe sí òun, ẹ̀pa kò bóró mọ́, ó sì fi ìbànújẹ́ wọ ilẹ̀ lọ. N kò gbà pé a ń pa ìtàn yìí láti yin ìbínú Ògún. Òrìṣà fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí agbára bá yára ju ìbéèrè lọ. Ìdí nìyí tí omi ìgbín fi wà lára ohun tí a ń fi tu ojúbọ rẹ̀ lójú. Ìgbín! Ẹranko tí ó lọ́ra jù lọ nínú igbó.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí ẹni tí ó jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún àjọ FRSC nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé Ògún ni òrìṣà tí ó yàn láàyò, tí ó sì ti kọ eré onítàn kan lórí ojú pópó àti ikú ní 1965, The Road. Ẹni tí ó mọ Ògún jinlẹ̀ ni ó jáde lọ máa dá awakọ̀ dúró pé kí ó rọra. N kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé orí òkè ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan gba bọ́ọ̀sì. Mo bọ Ògún fún un. Ó sọ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun ti já wáyà ẹ̀rọ náà, nítorí pé owó tí òun gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lálaalẹ́ kò gba kí òun máa rìn bí ìyàwó tuntun. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo da obì, obì yàn. Oṣù kẹta kò tíì pé tí táyà iwájú fi fọ́ mọ́ ọn lórí eré ní òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta, ní ìdájí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ìyá kan tí ó ń lọ ra ọjà, tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kò padà sílé.

Bàbá ọmọ náà bi mí pé, "Ṣebí ẹ ní obì yàn?" Obì yàn lóòótọ́. Ohun tí mo bi Ògún ni bóyá ó gba ajá. N kò bi í bóyá ó gba wáyà tí a já.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí èèwọ̀. Nígbà tí a bá tẹ ènìyàn nífá, ẹbọ nìkan kọ́ ni a máa ń ká fún un. A óò sọ èèwọ̀ Odù rẹ̀ fún un: má jẹ èyí, má wọ tọ̀hún, má gun ibí yìí. Kò sí awo tí yóò sọ pé, "Rú ẹbọ púpọ̀, kí o sì máa jẹ èèwọ̀ rẹ." Ẹbọ a máa ṣí ọ̀nà, èèwọ̀ ni ó ń sọ bí a ó ti rìn ín. Èrò tèmi ni pé ìwọ̀n tí ẹni tó rọ irin fi lélẹ̀ fún irin, èèwọ̀ irin náà ni. Ẹni tí ó bá pa á rẹ́, tí ó wá ń béèrè ààbò lọ́wọ́ onírin, ó ń sọ fún Ògún pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin Ìkòtún náà kò gbà. Ó ní, "Bàbá, bí olè bá lé mi ní ọ̀nà márosẹ̀ lóru ńkọ́?" N kò fojú kéré ìbéèrè yìí, gbogbo wa mọ bí ọ̀nà ti rí. Ṣùgbọ́n ìjánu tí wọ́n fi sí ọkọ̀ tirẹ̀ kò ní kí ó máa rìn bí akéde. Ó ṣì ń jẹ́ kí ó sáré kọjá 100 tí òfin gbà fún ọkọ̀ aládàáni. Ewu kí ni ó ń sá fún tí ó fi fẹ́ fi táyà Q sá kọjá 160 lójú ọ̀nà tí kòtò wà? Àwọn awakọ̀ akérò ni àánú wọn ṣe mí jù. Ẹni tí ó ń dá owó lé ọmọdékùnrin lórí lálaalẹ́ ni ó ń bá a já wáyà náà, àwọn ọlọ́kọ̀ sì wà lára àwọn tí ń wá bọ Ògún lọ́dọ̀ wa. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lójúmọ́ kí ẹ tó gba obì lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé owó ètùtù ọkọ̀ wà lára ohun tí a fi ń jẹun ní Alímọ̀ṣọ́. Ohun tí mo ń ṣe báyìí kò ju ìbéèrè méjì lọ kí n tó fọwọ́ kan obì: ọjọ́ orí táyà, àti bóyá ìjánu eré ṣì wà níbi tí wọ́n fi sí. Ọjọ́ orí táyà wà lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún, tí ó fi jẹ́ pé 1817 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2017. Mo ti kọ́ bí a ti ń kà á, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á fúnra mi. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín sí bàbáláwo tí ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀sì.

Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó bínú lọ. Mo gbọ́ pé awo mìíràn ní ọ̀nà Ìdímù ti bá a pa ajá náà. Ó gbàgbé obì rẹ̀ sí ìloro mi. Mo fi ewé tútù wé e, mo ń wọ́n omi sí i lójoojúmọ́ kí ó má baà gbẹ. Bí ó bá dá ìjánu ọkọ̀ rẹ̀ padà, a óò jọ pa á.