Àlejò Níbi Ọdún Ọlọ́dún

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Kò sí ibi tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti hàn ju ibi ọdún ìbílẹ̀ lọ. Nítorí pé níbẹ̀ ni àlejò ti ń rí ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń yé e. Ọdún tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń ṣe ní ìlú Puri, ní ìpínlẹ̀ Odisha, ní etí òkun ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí olúkúlùkù arìnrìn-àjò ronú lé lórí.

Ní ìlú yìí ni tẹ́ńpìlì Jagannath wà, èyí tí a kọ́ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Ìtumọ̀ orúkọ òrìṣà náà ni Olúwa Ayé. Lọ́dọọdún, ní oṣù Júùnù tàbí Júláì, a máa ń gbé Jagannath, pẹ̀lú Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Subhadra àbúrò wọn obìnrin, jáde sí ojú títì. Kẹ̀kẹ́ onígi ńláńlá mẹ́ta ni a ń gbé wọn sí, igi tuntun ni a sì fi ń kan àwọn kẹ̀kẹ́ náà lọ́dọọdún. Ti Jagannath ga ju mítà 13 lọ, ó sì ní ẹsẹ̀ 16. Kì í ṣe ẹranko ni ó ń fà wọ́n, bí kò ṣe ọwọ́ ènìyàn. Kí wọ́n tó gbéra, ọba Puri fúnra rẹ̀ a mú ìgbálẹ̀ eléèkù wúrà, a sì gbá orí àwọn kẹ̀kẹ́ náà, láti fi hàn pé níwájú Olúwa Ayé, ìránṣẹ́ ni ọba pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn a di okùn mú, wọn a sì fa àwọn òrìṣà náà lọ sí tẹ́ńpìlì Gundicha, ìrìn nǹkan bí kìlómítà 3. Ibẹ̀ ni wọn a wà fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó dá wọn padà sílé.

Ohun méjì ni ó ń dán ìwà àlejò wò níbẹ̀. Èkíní ni ìlẹ̀kùn. Ẹni tí kì í ṣe Híńdù kò gbọdọ̀ wọ tẹ́ńpìlì ńlá náà. Ní ọdún 1984, a kò gba Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà nígbà náà, láàyè láti wọlé, nítorí pé ẹlẹ́sìn Pásì ni ọkọ tí ó fẹ́. Àwọn arìnrìn-àjò mìíràn a máa bínú sí òfin yìí. Wọn a ní àwọn ti náwó, àwọn ti nára, ó yẹ kí àwọn rí ohun gbogbo. Èrò yìí kò tọ́. Owó ọkọ̀ kì í sọ àlejò di ọmọ onílé. Àwọn ará Íńdíà tìkára wọn ń jiyàn lórí òfin náà. Àlejò lè gbọ́ iyàn ọ̀hún, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò dá a. Ẹ̀wẹ̀, kí ẹni tí ń wo ìlẹ̀kùn tí a tì rántí ojú títì tí a ṣí sílẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún, òrìṣà tí àlejò kò lè wọlé tọ̀ ni ó jáde wá sí ìta, níbi tí olówó àti tálákà, Híńdù àti ẹni tí kì í ṣe Híńdù, ti lè fojú kàn án.

Èkejì, èyí tí ó wúwo jù, ni ìròyìn. Ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, Odoric, ajíhìnrere kan láti Ítálì, dé Íńdíà, ó sì ròyìn pé àwọn ènìyàn a máa dà ara wọn sábẹ́ kẹ̀kẹ́ òrìṣà kí ó lè tẹ̀ wọ́n pa. Ní ọdún 1806, àlùfáà Claudius Buchanan dé Puri gan-an, ìròyìn abanilẹ́rù tí ó kọ sì tàn kálẹ̀. Báyìí ni orúkọ Jagannath ṣe wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó di “juggernaut”, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun ńlá aláìláàánú tí ń tẹ ohun gbogbo rẹ́ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó pa ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí William Hunter, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé nípa ilẹ̀ náà ní ọdún 1872, ó fi yé àwọn ènìyàn pé ìjàm̀bá láàárín èrò ni ó fa ọ̀pọ̀ nínú ikú wọ̀nyí, àti pé pípa ara ẹni lòdì sí ìsìn àwọn ará ibẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó ṣì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè títí di òní.

Ǹjẹ́ èyí ha túmọ̀ sí pé kí àlejò máa yin ohun gbogbo tí ó bá rí? Rárá o. Ní oṣù Júùnù ọdún 2025, ènìyàn 3 kú nínú ìfúnpọ̀ èrò nítòsí tẹ́ńpìlì Gundicha. Ẹni tí ó bá fi irú èyí pamọ́ kò ṣe onílé lóore. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa ènìyàn, ọ̀tọ̀ sì ni kí a sọ pé ìpànìyàn ni ọdún náà. Ti àkọ́kọ́ lè mú kí a tún ọ̀nà ṣe. Èkejì a máa ba orúkọ odindi orílẹ̀-èdè jẹ́.

Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé abéèrè kì í ṣìnà. Kí ó ya ohun tí ojú rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, kí ó má sì fi ìbẹ̀rù ara rẹ̀ ṣe ìtumọ̀ ayọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún, a máa ń tú àwọn kẹ̀kẹ́ Puri palẹ̀. Ìròyìn tí kò tọ̀nà kò ṣe é tú bẹ́ẹ̀: ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́.