Ọ̀gá, Ọmọ Iṣẹ́ àti Ìlọsíwájú

Ẹ̀yin tí ẹ óò di olùkọ́ lọ́la, ì báà ṣe Nàìjíríà ni ẹ ti wá, ì báà ṣe Gánà, Sàró tàbí Tógò, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò kí ẹ tó gba ìwé ẹ̀rí yín. Púpọ̀ nínú yín gbà pé bí ènìyàn bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ìgbéga yóò wá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọwọ́ àjọṣe òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ ni ó wà bóyá iṣẹ́ náà yóò so èso tàbí yóò gbẹ lórí ìdúró.

Ẹ wo bí ọ̀ràn ti rí. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ń pín kíláàsì fún olùkọ́. Òun ni ń kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Òun náà ni wọn yóò bi léèrè nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Bí kò bá mọ ohun tí o lè ṣe, kí ni yóò kọ? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá náà kò lè dá kọ́ gbogbo ọmọ ilé-ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Ṣé kí a máa wá ojú rere ọ̀gá kiri ni?” Rárá o. Ẹni tí ń gbé àpò ọ̀gá kiri, tí ń ṣòfófó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì gbé ọ̀gá náà lọ sí ìlú mìíràn, òfo ni yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọṣe tí mo ń sọ ni èyí tí ọmọ iṣẹ́ fi lè sọ òtítọ́ fún ọ̀gá ní ìkọ̀kọ̀ kí ọ̀gá má bínú, tí ọ̀gá sì fi lè bá ọmọ iṣẹ́ wí láì dójú tì í níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti inú ìtàn wa. Olùkọ́ ni Samuel Àjàyí Crowther kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì di òmìnira ní Freetown ní 1822. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Henry Venn, tí ó di akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù ní 1841, mọ iyì ọkùnrin yìí. Ó gbà pé ọmọ Áfíríkà ni ó yẹ kí ó máa darí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí Crowther fúnra rẹ̀ ń fà sẹ́yìn, Venn ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà, wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Kì í ṣe Venn ni ó fún un ní ọgbọ́n. Àyè ni ó fún un láti lo ọgbọ́n tí ó ní.

Ṣùgbọ́n Venn kú ní 1873. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó dé sí etí Odò Ọya, tí wọn kò fi ojú Venn wo bíṣọ́ọ̀bù àgbàlagbà náà. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1890 Crowther fi ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà 1891, ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀gá rere jẹ́ ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá a wọ sàréè. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin àwọn àgbà olùkọ́ tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó ní 1931, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì jẹ́ ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Èkó ni wọ́n para pọ̀ di ọ̀kan. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ lè jókòó sí abẹ́ òrùlé kan náà láti tún iṣẹ́ wọn ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ yín, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè ohun tí ó ń retí lọ́wọ́ yín. Bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, ẹ tètè sọ fún un kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìwé tí ẹ bá kọ àti èyí tí wọ́n bá kọ sí yín. Ẹ má sì ya ara yín sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nítorí pé ọ̀gá fẹ́ràn yín.

Ẹ̀yin náà yóò di ọ̀gá lọ́jọ́ kan. Ọmọdé olùkọ́ kan yóò dúró níwájú tábìlì yín, ẹ óò sì mú gègé láti kọ ìròyìn rẹ̀. Ẹ rántí lọ́jọ́ náà pé oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn ni ẹ ń fi gègé náà bù.