Àwáwí Ni Ọ̀rọ̀ Àìlówó

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo lọ ní Òmù-Àrán, Gẹ̀ẹ́sì ni atọ́kùn ètò fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó fi parí. Ìyá àgbà tí a bí ọmọ náà fún jókòó níwájú, ó ń wo ẹnu rẹ̀ ṣáá. Nígbà tí wọ́n ní kí ó wá sọ ọmọ lórúkọ, ẹni tí ó jókòó tì í ni ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Nínú ilé ara rẹ̀! Mo bi atọ́kùn náà léèrè lẹ́yìn àsè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Bàbá, àlejò pọ̀, èdè sì pọ̀ ní Kwara. Bí a bá lówó bí Òyìnbó, àwa náà á gbé tiwa lárugẹ."

Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà.

Orílẹ̀-èdè kan wà láàárín Jámánì, Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù tí ń jẹ́ Luxembourg. Ìpínlẹ̀ Kwara nìkan ju ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ lọ ní ilẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó 700,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì wọn ni àlejò. Faransé ni wọ́n fi ń kọ òfin; láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń fi Jámánì kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà; ṣùgbọ́n èdè ìbílẹ̀ wọn ni àwọn aṣòfin fi ń jiyàn nílé ìgbìmọ̀. Òfin ọdún 1984 sọ ọ́ di èdè orílẹ̀-èdè.

Wọ́n lówó, òótọ́ ni. Ǹjẹ́ owó ni ó kọ́kọ́ dé? Ní 1829 ni Antoine Meyer, olùkọ́ ìṣirò, tẹ ìwé ewì jáde ní èdè náà. Ilẹ̀ tálákà ni ilẹ̀ wọn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún yẹn, kí owó irin tó dé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ náà, wọ́n ní ẹ̀ka Jámánì lásán ni èdè yẹn. Wọ́n ṣètò ìkànìyàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1941, wọ́n béèrè orílẹ̀-èdè àti èdè abínibí. Àwọn ènìyàn múra láti fi orúkọ Luxembourg dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àṣẹ Jámánì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, wọ́n dá ìkànìyàn náà dúró. Owó wo ni ó wà nínú ìyẹn? Ẹ̀wọ̀n ni ó lè tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwọn Nupe wà ní Pàtígì àti Láfíàgí, àwọn Bààtọ̀nú wà ní Barùtẹ́ẹ̀nì, àwọn Fúlàní wà káàkiri, àwa náà sì wà. Abala 97 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò máa lò, ṣùgbọ́n ó fún ilé náà láṣẹ láti fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ kún un. Ìpinnu ilé nìkan ni ó béèrè. Èló ni wọ́n ń ta ìpinnu lọ́jà?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ẹ̀kọ́. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2022, wọ́n fagi lé e ní 2025.

Ní Èsìẹ́, a ní ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ. Láti 1945 ni wọ́n ti ní ilé tiwọn, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta kò lè sọ Ìgbómìnà. Àwọn tí ó lè sọ ọ́ ni a ń fi Gẹ̀ẹ́sì pa lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin aṣojú wa láti Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Ifẹ́lódùn, kí ẹnì kan nínú yín dìde ní ìjókòó tí ń bọ̀, kí ó ka abala 97 sétí ilé, kí ó sì fi Yorùbá dá àbá rẹ̀.