Àgbàdo nìkan kọ́ ló ń mú màlúù sanra

Bí ọdún Iléyá bá ti ku bí oṣù mẹ́ta, àwọn oníṣòwò kan a máa ra màlúù tó rù, wọn a bọ́ ọ kó lè sanra, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Òwò tó lérè ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbà pé bí àgbàdo bá ṣe pọ̀ tó ni èrè yóò ṣe pọ̀ tó. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá.

Màlúù kì í ṣe adìẹ. Ọ̀nà mẹ́rin ni ikùn rẹ̀ pín sí, koríko gbígbẹ, pòròpórò ọkà àti ewé ẹ̀pà ló sì ń mú un jẹ àpọ̀jẹ. Bí wọ́n bá da àgbàdo púpọ̀ fún un lójijì, inú rẹ̀ á kan, á wú, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè kú kó tó dé ọjà.

Màlúù tó wọn kílò 300 lè jẹ tó kílò 7 sí 8 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Koríko ni kó kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n wá máa fi oúnjẹ oníhóró kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ènìyàn ń jẹ àgbàdo, adìẹ ń jẹ ẹ́, ìdí nìyí tó fi wọ́n. Èèpo gbágùúdá wà káàkiri ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ó sì ń fún ẹran lágbára. Ṣùgbọ́n májèlé wà nínú èyí tó tutù, nítorí náà kí wọ́n sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí wọ́n má sì lo èyí tó bu. Èròjà tó ń mú ara dàgbà kò tó nínú èèpo yìí. PKC, ìyẹn èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún àdí kúrò lára èkùrọ́, ló lè dí àlàfo náà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ìṣirò. Kì í ṣe iye owó àpò oúnjẹ ló yẹ kí olówò máa wò, bí kò ṣe iye tó ná an kí ẹran tó fi kílò kan kún ara. Okùn ìwọ̀n tí wọ́n ń yí mọ́ àyà màlúù tó fún èyí. Bí oúnjẹ ₦60,000 bá fi kílò 20 kún ara ẹran lóṣù kan, ₦3,000 ni kílò kọ̀ọ̀kan jẹ. Bí ọjà kò bá ní í san ju ìyẹn lọ, kó tètè yí oúnjẹ náà padà tàbí kó ta ẹran rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣírò báyìí, màlúù rẹ̀ lè sanra kí àpò rẹ̀ sì rù.