Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Ilẹ̀ Olókè

Àwọn àgbà a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjìnnà nìkan ni ó ń la ojú ẹni. Bí a ti rìn ín pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbómìnà ni ó ti wọ ọkọ̀ láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán ní ìgbà ogún, tí kò sì lè dárúkọ òkè kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó gùn kọjá. Ó sùn ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ó jí ní Òmù-Àrán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ Ìgbómìnà ní àmọ̀dunjú, kẹ̀kẹ́ ológeere ni kí ó gùn.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ọkọ̀ tí ó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rin 10 kìlómítà ní ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn yóò lò tó wákàtí 2 lórí ọ̀nà kan náà, ó sì lè ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́, bí ó bá ń lọ ní 15 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 40 ni yóò lò. Ìṣẹ́jú 40 yìí kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù. Ó tó láti rí igi emi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, àti igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Ó tó láti gbọ́ ohùn àwọn tí ń kọ ebè nínú oko iṣu. Ó tó láti kí àgbàlagbà tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, kí ó sì dáhùn. Bí ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ bá rí ohun tí ó yà á lẹ́nu, kò ní bẹ awakọ̀ kankan kí ó dúró. Yóò kàn fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn lè wí pé òkè pọ̀ jù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, pé kẹ̀kẹ́ kò yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ilẹ̀ náà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ lọ títí. Ó ń dìde, ó ń rẹlẹ̀, àpáta sì yọrí jáde níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n òkè náà gan-an ni ẹ̀kọ́. Nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ni ó ń gun òkè; ẹni tí ó jókòó kò mọ nǹkan kan. Lórí kẹ̀kẹ́, itan àti àyà ẹni ni yóò sọ bí òkè ti ga tó, ara kò sì ní tètè gbàgbé ohun tí ó sọ. Kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé ní jíà púpọ̀. Bí ṣéènì bá bọ́ sí orí eyín irin tí ó tóbi ní ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ kò ní yára mọ́, ṣùgbọ́n yóò rọrùn láti tẹ̀. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kò bá ní jíà, tí irin rẹ̀ sì wúwo, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Bí ó bá dé orí òkè, atẹ́gùn ìsọ̀kalẹ̀ ni yóò jẹ́ èrè rẹ̀, bí ó bá ti yẹ bíréèkì rẹ̀ wò kí ó tó kúrò nílé.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1885 ni John Kemp Starley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jáde, tí ṣéènì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop ṣe táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ní ìlú Belfast. Nígbà tí ó fi di àárín ọ̀rúndún ogún, olùkọ́, oníwàásù, wolé-wolé, adẹ́mu àti oníṣòwò ni wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ tuntun nígbà náà, gbogbo àdúgbò ni yóò bá a yọ̀. Lónìí, ọ̀kadà ti gba ipò kẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì kà á sí ohun ìṣeré ọmọdé tàbí àmì òṣì. Èrò yìí kò tọ́, ó sì ń pa ni lára. Ní ìdíje Òlíńpíìkì tí a ṣe ní Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, ní láti gba kẹ̀kẹ́ àyálò lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì kí ó tó lè kópa nínú eré kan. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè kan bá tàbùkù kẹ̀kẹ́, kì yóò ní ọ̀kan nílé lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ fi í du oyè.

Àwọn ará Faransé kò fi kẹ̀kẹ́ ṣe ẹlẹ́yà. Ní 1903, ìwé ìròyìn L'Auto, tí Henri Desgrange jẹ́ olóòtú rẹ̀, dá eré kẹ̀kẹ́ tí à ń pè ní Tour de France sílẹ̀ kí ìwé náà lè tà. Ọgọ́ta ènìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀. 21 péré ni ó parí rẹ̀, Maurice Garin sì ni ó gba ipò kìn-ín-ní. Ní 1910, a mú eré náà gba orí àwọn òkè ńlá Pyrenees, níbi tí ọ̀nà Tourmalet ti ga ju mítà 2,000 lọ. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ọgbọ́n títa ìwé ìròyìn wá di ohun tí ó ń fi ilẹ̀ Faransé han àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, yàtọ̀ sí àkókò ogun àgbáyé méjèèjì, àwọn eléré ń gba àárín àwọn ìlú kékeré tí a ti fi òkúta mọ odi wọn láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nípa bẹ́ẹ̀, abúlé tí kò ní ju ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ọjà kan lọ di mímọ̀ fún àwọn tí ń gbé ní òdìkejì ayé. Òkè kò sì dí àwọn ará Áfíríkà náà lọ́wọ́. Biniam Girmay, ọmọ ilẹ̀ olókè Eritrea, borí ní ìpele 3 nínú eré Faransé náà ní 2024. Kò sí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tí ó borí ní ìpele kankan níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, orí òkè Kigali ní Rwanda ni a ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ orí títì ti gbogbo àgbáyé, èyí tí kò wáyé rí ní Áfíríkà.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà kò ṣe aláìní ohun tí ojú lè wò. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni ó wà. Òkúta rírọ̀ ni a fi gbẹ́ wọn, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, irun dídì, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀ àti ilà ojú wọn sì hàn gbangba. Ìtàn ìlú sọ pé ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n fún ìran púpọ̀ kí H. G. Ramsay, alábòójútó àwọn ilé-ìwé ìjọ C.M.S., tó rí wọn ní 1933, tí ó sì ròyìn wọn fún àwọn ará òde. Ní 1945, a ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí níbẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó dùn mọ́ni pé àlejò rí ohun tí ó níye lórí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ṣùgbọ́n ohun ìbànújẹ́ ni bí ọmọ tí ó ń gbé nítòsí ibẹ̀ bá parí ilé-ìwé gíga láìfi ojú kàn wọ́n rí, tí ó sì ń wí pé kò sí nǹkan kan ní ìlú òun.

Àwọn òbí ní àtakò kan tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gba ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin wá sí Òmù-Àrán lọ sí ìhà Kàbbà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì bìkítà fún ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ní ọdún àìpẹ́ yìí pẹ̀lú, àwọn ajínigbé ti kó jìnnìjìnnì bá àwọn ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọdé dá nìkan gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó kò fẹ́ràn ọmọ náà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí àwọn ọmọ lọ ní ọ̀wọ́, ní ọ̀sán. Kí olùkọ́ tàbí àgbàlagbà tí ó mọ ọ̀nà ṣáájú wọn. Kí wọ́n dé akoto. Kí a sì kọ́kọ́ wádìí lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ti rí lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀nà jíjìn kò bá dára, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò nínú ìlú tiwọn. Síbẹ̀, ewu ọ̀nà kò tó ìdí láti pa kẹ̀kẹ́ tì títí láé. Ìdí láti tún ọ̀nà ṣe ni. Ìjọba tí ó ń la títì lè fi ààyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Títì tí ọmọ ilé-ìwé kò lè gbà láìfòyà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì parí.

Iṣẹ́ pàtàkì sì wà fún irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ láti ṣe. Òkè kọ̀ọ̀kan àti odò kọ̀ọ̀kan tí ó wà láàárín Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ kì í ṣe aláìlórúkọ, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni ọ̀pọ̀ orúkọ wọ̀nyí kù sí. Bí àgbà bá kú láìsí ẹni tí ó bi í léèrè, orúkọ náà bá a lọ. Kí ọmọ tí ó gun kẹ̀kẹ́ dúró, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé. Àwọn àgbà kan ṣàlàyé pé inú “Ogbó mọ̀nà” ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Ogbó ni àdá tí Odùduwà fi lé Ọ̀ràngún lọ́wọ́, tí ó ń tọ́ òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́nà nínú igbó. Àwọn baba ti la ọ̀nà náà tán. Mímọ̀ ọ́n ni ó kù fún àwọn ọmọ.