Orí Tó Ti Kan Títì: Ìtọ́jú Làákàyè Kò Parí Sí Ọsibítù

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, àwọn ẹbí kan láti agbègbè Èsìẹ́ mú ọmọ wọn wá bá wa. Bíríkìlà ni. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú ní ọ̀nà Òmù-Àrán, ó dákú, Allah sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọgbẹ́ ti jinná, ó ń rìn, ó ń jẹun. Ṣùgbọ́n bó bá kírun Àlàásárì tán, yóò tún dìde láti kí i. Yóò da omi sí sìmẹ́ńtì, yóò sì gbàgbé pé òun ti da omi sí i. Bí wọ́n bá bá a wí, ìjà ni. Àwọn ẹbí ní àlùjànnú ni, ká ṣe rúkíyà fún un. Ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀.

Mi ò lòdì sí rúkíyà, ilé kéú ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orí gbálẹ̀, inú orí náà ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wá ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Iwájú ọpọlọ ló ń bá wa ṣètò iṣẹ́, òun náà ló ń bá wa kó ìbínú níjàánu. Bí orí bá gbálẹ̀, ọpọlọ a mì jìgìjìgì nínú agbárí, iwájú yìí sì sábà máa ń fara gbá a. Ohun tí a ti mọ̀ látijọ́ lè dúró síbẹ̀, kí ohun titun má ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin yìí fi ń ka Fátíhà láìṣìnà, tí kò sì rántí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ni.

Láti January 2009 tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ti ń mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto, tí àwọn kan sì ń fi igbá borí, ọ̀rọ̀ bí orí kò ṣe ní fọ́ la ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí orí tirẹ̀ ti kan títì, a kì í sọ ọ́.

Àwọn onímọ̀ láti Kánádà, Ọsirélíà àti ibòmíràn gbé ìlànà kan jáde lórí rẹ̀ ní 2014, INCOG ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tún un ṣe ní 2023. Nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì dàrú mọ́ aláìsàn lójú, ìlànà náà ní kí ibi tó wà pa rọ́rọ́, kí ó máa rí ojú tó mọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó rìn, kí wọ́n sì yẹra fún síso ó mọ́lẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ní ti ìgbàgbé, ìwé àkọsílẹ̀ àti aago fóònù ni, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé bí wọn yóò ṣe máa bá a lò ó. Eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ń la ọpọlọ, wọn kò ní ká gbára lé òun nìkan.

Àkọsílẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Āyah tó gùn jù nínú Kùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-nígba nínú Súratul-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni. Níbẹ̀ náà la ti rí i pé ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò pé, alámòójútó rẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ fún un, pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Mo ka èyí sí àwọn ẹbí yẹn létí nítorí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ títa ilẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ìlànà náà kò ti bá wa mu ni pé ó gbà pé onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá àti àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní iṣẹ́ òòjọ́ wà nítòsí. Ẹni tó bá ń wá wọn láti Òmù-Àrán, ọ̀nà Ìlọrin ló kọjú sí, títì kan náà tó gbé bíríkìlà yìí ṣubú. Òfin NHIA ti 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ bíríkìlà wa kò ní káàdì kankan. Ohun tí mo ń bi ìjọba Kwara kò wọ́n: ṣé kò ṣeé ṣe kí ọsibítù máa fún àwọn ẹbí ní ewé ìwé kan lédè Yorùbá, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dá irú aláìsàn yìí sílẹ̀?

Àwa ra ìwé kíkọ fún un. Bó bá ti sálámà, kí ó fàlà sí i. Àbúrò rẹ̀ ń bá a yí aago fóònù. Ní ibi iṣẹ́, bíríkì ló ń gbé báyìí, ẹlòmíràn ló ń po sìmẹ́ńtì. Ní Jímọ̀ tó kọjá ó mú ìwé náà wá hàn mí. Àlà Àlàásárì jẹ́ ẹyọ kan ní ọjọ́ márùn-ún, méjì ní ọjọ́ méjì.